Ta Ni Yóò Yan Ọ̀nà?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ní Mowe jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Orúnkún ń dun ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, tẹ́jú, ṣùgbọ́n tírélà kì í dúró de ẹni tí ń lọ jẹ́jẹ́. Ọ̀nà eléruku abúlé kò ní tírélà púpọ̀, àmọ́ kòtò rẹ̀ ń gbọn ara jìgìjìgì. Táyà fífẹ̀ àti jíà tó fúyẹ́ ló ń mú un rọrùn díẹ̀.

Èwo ni kí wọ́n gbà? Mo ní, kí ẹni tí orúnkún ń dùn yàn. Alágbára ń kọ́? Ọjọ́ mìíràn wà tó lè sá eré tirẹ̀. Lèmọ́mù tó mọ̀ pé aláìlera wà lẹ́yìn òun kì í fa ìrun gùn. Ẹni tó fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀ kó lè tètè dé, ó dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni rìn.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe alábàárìn rere. Àmín.