Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí àlejò náà bá wá gbé kámẹ́rà kọ́rùn ńkọ́? Ojú rẹ̀ ti di mẹ́ta, síbẹ̀ ó lè má ríran. White Waltham ló jẹ́ kí n mọ̀ bẹ́ẹ̀, pápákọ̀ òfurufú kékeré kan lẹ́bàá Maidenhead, ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹni tó bá ń retí irú ọ̀dà tó wà ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà kò ní í bá a níbẹ̀. Orí koríko ni ọkọ̀ ti ń gbéra, orí koríko náà ló ń balẹ̀ sí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ ni olú ilé iṣẹ́ Air Transport Auxiliary, àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfurufú ogun láti ibi tí wọ́n ti ṣe é lọ fún àwọn ọmọ ogun. Obìnrin wà lára awakọ̀ wọn, nígbà tó sì di 1943, owó oṣù wọn bá ti ọkùnrin dọ́gba. Àlejò tí kò béèrè, koríko lásán ló máa rí.

Ẹ jẹ́ ká kágò ká tó wọlé. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá ṣàdédé na kámẹ́rà sí ọkọ̀ òfurufú, agbófinró lè ní kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fàájì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe, àmọ́ fàájì náà ní òfin. Ẹ kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì, ẹ kí wọn, kí ẹ béèrè ibi tí àlejò lè dúró sí. Bí wọ́n bá ní ẹ má kọjá ọgbà, ẹ má kọjá. Bí ọlọ́kọ̀ bá mú yín dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, kí ẹ sì jìnnà sí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀, ì báà dúró jẹ́ẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí a rò pé ó ti kú lè ṣiṣẹ́ lójijì, abẹ̀bẹ̀ yẹn kò sì mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo yí àkókò tí kámẹ́rà mi fi ń lajú sí 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá. Fọ́tò náà mọ́ kedere, ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ dúró gan-an bí igi, àfi bíi pé wọ́n fi okùn so ọkọ̀ kọ́ ojú ọ̀run. Bàbá arúgbó kan tó ń mu tíì nítòsí mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín: “Ṣé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú sókè ni?” Ó ní kí n dín in kù sí 1/125, kí n máa yí ara tẹ̀lé ọkọ̀ bó ṣe ń kọjá. Nínú mẹ́wàá tí mo yà, mẹ́jọ ṣú bàìbàì. Nínú méjì tó kù, abẹ̀bẹ̀ ti di òrùka tó ń dán.

Bàbá náà tún nawọ́ sí àpò gígùn kan tí wọ́n so mọ́ orí òpó, tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ọkọ̀ òfurufú ń kọjú sí atẹ́gùn ni, yálà ó ń gbéra tàbí ó ń balẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ìrù àpò náà bá nà sí ni ọkọ̀ tó fẹ́ balẹ̀ máa gbà wọlé. Mo wá ibi tí wọ́n fàyè gbà níhà ibẹ̀, mo kẹ̀yìn sí oòrùn, mo dúró. Láti àárọ̀ ni àpò yẹn ti wà lókè orí mi.

Kí ẹ tó máa lọ, ẹ ra tíì wọn. Kí ẹ tó gbé fọ́tò sórí Facebook, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, nítorí lẹ́tà tó wà lára ọkọ̀ ti tó fún ẹnikẹ́ni láti fi wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba. Ẹ fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ọpẹ́. Bí ẹ bá padà lọ, onílé fúnra rẹ̀ ni yóò máa bá yín ríran.