Ta Ni Ó Yẹ Kí Ìbínú Wa Lọ Bá?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lójoojúmọ́ ni, nínú ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Ìṣẹ́yìn, ní ìsọ̀ èlùbọ́ ní Ṣakí, ní ẹnu ọ̀nà báńkì, àní lẹ́yìn ìpàdé wa pàápàá. Nẹ́tíwọ́kì kò sí. Wọ́n ti yọ owó, owó kò dé ibi tí à ń fi í ránṣẹ́ sí. Bíìlì iná ju iná tí a rí lò lọ. Fáànù tí a rà lánàá ti dákẹ́ lónìí. A kò fẹ́ bi ara wa bóyá ó tọ́ kí a ráhùn. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ tí wọ́n sì ní kí ó má wí, ẹrú ni wọ́n sọ ọ́ dà. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé, bí a bá ti bínú tán, ta ni ìbínú náà ń lọ bá?

Láyé tí àwọn ìyá wa ń nájà, ìbéèrè yìí kò le. Bí ènìyàn bá ra òfì ní Ìṣẹ́yìn tí aró rẹ̀ ṣí ní ìfọ̀ kìíní, ó mọ agbo ilé ẹni tí ó hun ún. Yóò ká aṣọ náà, yóò gbé e lọ, ahunṣọ yóò sì jáde wá wí tẹnu rẹ̀. Bí òun kò bá jáde, bàbá rẹ̀ yóò jáde. Ẹni tí ó hun ún, ẹni tí ó tà á àti ẹni tí ó gbowó kò jìnnà sí ara wọn. Nígbà mìíràn ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. A kò sọ pé kò sí ìrẹ́jẹ nígbà náà o. Kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Ṣùgbọ́n ojú ń rí ojú.

Lónìí ńkọ́? Ọmọbìnrin tí ó jókòó sábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú ẹ̀rọ P.O.S. kò ni báńkì, ọ̀pọ̀ ìgbà kò sì ni ẹ̀rọ náà tàbí owó tí ó ń kà fún wa. Ẹnì kan ni ó gbà á síṣẹ́. Ọkùnrin tí ó ń pín bíìlì iná láti ojúlé dé ojúlé kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀. Ọmọ tí ó ta fáànù kò mọ orúkọ ẹni tí ó kó o wọ orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn tí ọwọ́ wọn wà nídìí ọ̀rọ̀ náà wà ní Èkó, wọ́n wà ní Àbújá, òmíràn wà ní òkè òkun. A kò rí wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a rí, wọ́n kéré sí wa, wọn kò sì lè dá wa lóhùn bí ó ti dùn wọ́n tó. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ẹni tí a lè mú là ń lèdí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022, Godwin Emefiele tí ó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà kéde pé wọn yóò pa àwọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000 dà. Wọ́n ní kí a kó ti àtijọ́ wá sí báńkì kí oṣù kìíní ọdún 2023 tó parí. Nígbà tí ó yá wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. A kó o lọ. Owó àtijọ́ wọlé, tuntun kò jáde tó. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ojú wa rí. A fi owó ra owó. Ẹni tí ó fẹ́ gba ₦10,000 lè fi ₦2,000 tàbí ₦3,000 sílẹ̀ kí wọ́n tó kà á fún un. Ata àti tòmátò ń rà lórí àtẹ, kì í ṣe nítorí pé kò sí ẹni tí ebi ń pa, bí kò ṣe pé ẹni tí ebi ń pa kò rí owó mú dání.

Ìbínú náà sì wá ẹni tí yóò lọ bá. Ní ìlú púpọ̀ ní Nàìjíríà, àwọn ènìyàn tú sí ìgboro, wọ́n fọ́ ATM, wọ́n sun báńkì níná. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń fo ògiri sá. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn kọ́ ni ó yí owó padà. Àwọn náà ní ìyá tí ó ń wá owó ọbẹ̀ ní ilé.

Kí ni ó wá mú owó àtijọ́ padà wá? Ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́ta, Kaduna, Kogi àti Zamfara, ni ó kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní oṣù kejì, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn adájọ́ 7 dájọ́ pé owó àtijọ́ ṣì jẹ́ owó títí di òpin ọdún náà. Ní oṣù kọkànlá, ilé-ẹjọ́ kan náà tún sọ pé kí a máa ná an lọ láìsí gbèdéke. Síbẹ̀, lẹ́yìn ìdájọ́ ti oṣù kẹta, ó di ọjọ́ 13 oṣù náà kí Báńkì Àpapọ̀ tó sọ fún àwọn báńkì pé kí wọ́n tẹ̀ lé e. Òótọ́ ni pé ìjọba ni ó pe ẹjọ́, kì í ṣe ìyá elélùbọ́. Ìdìbò sì wà lójú ọ̀nà nígbà náà, olúkúlùkù ní ìdí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ATM tí a fọ́ kò pọ náírà kan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé lọ bá ẹni tí ó ni ín ni ó so èso, bí ó tilẹ̀ pẹ́.

Ẹnì kan lè wá bi wá pé, ṣé kí a máa dárí ji gbogbo ẹni tí ó bá ti wí pé "kì í ṣe ẹjọ́ mi" ni? Rárá o. Ní àsìkò ọ̀wọ́n owó yẹn kan náà, àwọn kan wà tí owó wà nínú àpò wọn tí wọ́n ń sọ pé kò sí, kí wọ́n lè tà á lówó gọbọi nírọ̀lẹ́. Ẹjọ́ ti wọn ni. Ohun tí a fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tí ènìyàn mọ̀ àti ohun tí ó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ọmọ P.O.S. kò lè tún nẹ́tíwọ́kì ṣe, ṣùgbọ́n ó lè sọ fún wa kí a tó fi káàdì bọ ẹ̀rọ pé láti àárọ̀ ni nẹ́tíwọ́kì ti ń ṣe ségesège. Bí ó bá mọ̀ tí ó dákẹ́ nítorí owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ti di ẹlẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa oníṣòwò gan-an, ó sì wúwo ju bí a ti ń rò lọ. Ìyá kan ra àpò èlùbọ́ lọ́wọ́ alágbàtà, ó tú u, ó bá a pé èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ti hu. Oníbàárà dé, ó ráhùn, ìyá náà dáhùn pé, "Bí mo ṣe rà á nìyẹn." Bí kò bá tíì tú àpò náà kí ó tó tà á, òtítọ́ ni, a sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti tú u, tí ó bu èyí tí ó dára sókè tí ó fi èyí tí ó hu sísàlẹ̀, "bí mo ṣe rà á nìyẹn" ti parí iṣẹ́. Bí ó ṣe tà á ni à ń sọ. Àní ẹni tí kò mọ̀ rárá ṣì jẹ wá ní nǹkan kan. Kò jẹ wá ní ìtìjú, a kò sì gbọdọ̀ bú u lójú ọjà. Òtítọ́ àti ọ̀nà ni ó jẹ wá: kí ó sọ ohun tí ó mọ̀, kí ó sì fi ẹni tí ó tà á fún un hàn wá.

Lẹ́yìn ẹni tí ń bú ẹni tí kò ṣẹ̀, ẹlòmíràn wà tí kò ní bú ẹnikẹ́ni. Yóò pòṣé, yóò ní, "Ọlọ́run yóò dá a," yóò sì lọ ra fáànù mìíràn. Ó dàbí ìwà tútù, ṣùgbọ́n ìwà tútù yẹn ni ó ń jẹ́ kí wọ́n ta irú fáànù kan náà fún aládùúgbò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Opó inú ìwé Lúùkù tí ó ń lọ sọ́dọ̀ onídàájọ́ àìṣòótọ́ kò fi ilé ṣe ibùjókòó. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé ọ̀dọ̀ onídàájọ́ gan-an ni ó ń lọ. A kò gbọ́ pé ó na ìránṣẹ́ rẹ̀.

A mọ ohun tí ó ń dá ọ̀pọ̀ wa dúró. Owó ọkọ̀ láti Ṣakí lọ sí Ìbàdàn ju owó tí wọ́n yọ lọ, ọjọ́ ọjà kan sì ti bá a lọ. Ẹni tí ó rẹ́ wa jẹ mọ èyí dáadáa. Nítorí náà ó dára kí a mọ ohun tí òfin wí, kí a má bàa rin ìrìn asán. Òfin ààbò oníbàárà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, tí àjọ FCCPC ń bójú tó, sọ pé ẹni tí ó ra ọjà tí ó ní àbùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà kí ó sì gba owó rẹ̀. Àkọlé tí wọ́n máa ń kọ sára rìsíìtì pé ọjà tí a bá tà a kì í gbà á padà kò lè pa ẹ̀tọ́ yẹn rẹ́. Nípa owó tí ATM yọ tí kò pọ̀, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ ní oṣù kẹfà ọdún 2020 pé, bí ó bá jẹ́ ATM báńkì mìíràn ni a lò, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 48 lọ kí wọ́n tó dá a padà.

Ti iná ni ó ní wàhálà jù. Láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba ti fa pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, bí a tilẹ̀ ṣì ń pè é ní NÉPÀ. Ní oṣù kejì ọdún 2020, àjọ NERC tí ń ṣàkóso iná pàṣẹ pé bíìlì àfojúbù tí wọ́n ń fún ẹni tí kò ní mítà kò gbọdọ̀ ju òdiwọ̀n kan lọ. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀sùn yóò kọ́kọ́ kọ ìwé sí ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná. Bí wọn kò bá dáhùn tàbí tí ìdáhùn wọn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ tí ó ń ṣàkóso iná ní ìpínlẹ̀ wa. Ilé mẹ́wàá ní àdúgbò kan lè fi ìwé kan ṣoṣo sùn, kí wọ́n sì dá owó ọkọ̀ fún ẹnì kan tí yóò gbé e lọ. Owó tiransifọ́mà ńkọ́, tí àdúgbò wa ń dá? Kí a tó san án, kí a gba àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ sí, nítorí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e kọ́ orí òpó, a kò tún ní ẹnu tí a ó fi béèrè.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Poli Ṣakí lè bá wa kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí nọ́ńbà àkáǹtì wà nínú rẹ̀, kí oṣù tí bíìlì náà jẹ́ wà níbẹ̀, àti iye tí a ti san. Kí a ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lu èyí tí a ó mú padà wálé.