Ta Ni A Kọ Ọ́ Sí?

Bí ọmọ Èkìtì kan bá ti òkè òkun dé, tí a ti fún un ní omi mu, tí àwọn àgbà ti kí i tán, tí wọ́n sì ti ní kí ó ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí, ọ̀kan nínú ohun tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ti ìkọkúkọ tí ó kún ara ògiri àwọn ìlú ńláńlá ibẹ̀. Yóò ní àwọn òyìnbó tí a ń yìn fún ìmọ́tótó, tí a ti ń fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe fún àwọn ọmọ wa láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ wọ́n, àwọn náà ni wọ́n ń wo àwọn ọ̀dọ́ wọn níran tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà inú agolo sí abẹ́ afárá, sí ara ọkọ̀ ojú irin, àti sí ẹ̀yìn ilé onílé, tí wọ́n ń kọ orúkọ tí kò ṣeé kà, tí wọ́n sì ń ya àwòrán tí kò lórí tí kò nídìí. Ní Ìjurìn tí a bí mi sí, mo ti gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n náà yóò ti gbọ́ tiwọn. Àwọn tí ó bá gbọ́ a mi orí, wọn a ní ayé ti bàjẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó là wá lójú. Ìdájọ́ yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn rí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gbè lẹ́yìn ẹni tí ó ba ohun ọlọ́hun jẹ́, nítorí n óò tún padà sórí èyí. Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni bóyá ènìyàn lè dúró lójú pópó ìlú onílùú, kí ó wo ara ògiri, kí ó sì ti ibẹ̀ mọ ìwà àwọn tí ń gbé inú ilé, àti bóyá Olódùmarè tí ó dá ojú fún wa fún wa ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Àwọn baba wa ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fi òwe náà wo ara wa. Kí a sọ pé àlejò kan tí kò gbọ́ èdè wa gba ọ̀nà Ìjerò wọ àárín wa ní ọ̀sán gangan, tí ó sì ń wo ara ilé bí ó ti ń lọ. Yóò rí nọ́ńbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìkànìyàn fi ọ̀dà kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, tí òjò ti ń nà, tí oòrùn sì ti ń pa láti ìgbà ìkànìyàn ọdún 2006. Yóò rí àmì pupa tí ìjọba fà dábùú ara wọn sí ara ilé tí ó sún mọ́ títì jù. Yóò sì rí ilé kan tí a fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé kì í ṣe títà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún un, kí ni yóò rò? Yóò rò pé ìlú tí ó fẹ́ràn ìkìlọ̀ ni ìlú wa. Kò mọ̀ pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, pé baba ni ó kú tí àwọn ọmọ ìyá méjì kò gbọ́ ara wọn yé mọ́, tàbí pé gbájú-ẹ̀ kan ti gba owó lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta lórí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ẹbí sì ní láti ké gbàjarè sí gbogbo ẹni tí ń kọjá. Ẹkún inú ẹbí ni ó jáde sí ara ògiri. Ará àdúgbò tí ó bá kà á mọ ẹni tí ń sunkún, ó sì mọ ìdí rẹ̀. Àlejò kò rí ju ọ̀dà lọ.

Ní Ilé-Ifẹ̀ ẹ̀wẹ̀, àwọn obìnrin kan wà tí iṣẹ́ wọn nínú ìsìn jẹ́ kíkun ògiri ojúbọ òrìṣà, tí wọ́n ń fi ẹfun, osùn àti èédú ya ẹranko, ènìyàn àti àmì oríṣiríṣi sí i. Bí ọdún òrìṣà bá tún yípo, wọn a kun ti èṣí pa, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Arìnrìn-àjò tí ó fẹ́ràn ohun ẹlẹ́wà a máa kẹ́dùn pé kí ló dé tí wọ́n fi pa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rẹ́, a sì fẹ́ kí wọ́n fi gíláàsì bò ó, kí wọ́n máa gba owó ìwọlé. Kò mọ̀ pé òrìṣà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, kì í ṣe òun. Kò sì mọ̀ pé ìsìn náà wà nínú kíkùn, àti pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ láìkùn fún ọdún mẹ́wàá kí ojú àlejò lè máa jẹun, ìkọ̀sílẹ̀ òrìṣà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni babaláwo ń tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn, tí ó sì ń pa á rẹ́ bí ó bá ti jíṣẹ́ tán. Bẹ́ẹ̀ sì ni àfáà ń fọ ohun tí ó kọ sára wàláà, tí aláìsàn sì ń mu ún ní hàǹtú. A kò ka pípẹ́ sí agbára àmì nílẹ̀ wa. Ẹni tí a rán an sí ni a ń wò.

Olówè ni ó mú ọ̀rọ̀ yìí yé mi jù lọ, Olówè ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n Aláayè tí ó di ará Ìsẹ̀, ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére, ẹni tí igi gbígbẹ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu títí tí ó fi dágbére fún ayé ní 1938. Láàárín 1910 sí 1914 ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Lára awẹ́ kan, Ọba gúnwà lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé lórí, olorì sì dúró gbágbáágbá lẹ́yìn rẹ̀. Lára awẹ́ kejì, òyìnbó aṣojú ìjọba, Captain Ambrose, ni àwọn alárù gbé dání nínú àga. Olówè wo àlejò náà fínnífínní, ó sì gbẹ́ ẹ bí ojú àwa onílé ti rí i: ọkùnrin kan tí ó wá pàṣẹ lé ilẹ̀ lórí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kan ilẹ̀ náà. Ọmọ ìlú tí ó bá rí i kò nílò olùkọ́ kankan kí ó tó mọ ẹni tí ó jókòó sílé rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n gbé wá. Ní 1924, wọ́n kó ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. Nígbà tí àwọn òyìnbó rí i, wọn kò fẹ́ kí ó padà sílé mọ́, Ògògà sì gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ wọn dípò rẹ̀. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà di òní olónìí.

Àwọn tí ń kọjá níwájú rẹ̀ níbẹ̀ pọ̀ lọ súà, wọ́n sì ń yìn ín. Wọ́n ń yin bí àwọn ère náà ti yọ jáde láti ara pákó, wọ́n ń yin ọwọ́ tí ó di ọ̀bẹ mú. Èmi náà dúpẹ́ fún ìyìn wọn, nítorí ọmọ ilẹ̀ wa ni Olówè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a rán ilẹ̀kùn náà kọjá ìyẹn. Ìlú kan ni ó fi igi sọ fún ara rẹ̀ ohun tí ó rò nípa àlejò tí ó dé bá a, bí àwọn ọ̀dọ́ abẹ́ afárá ti ń fi ọ̀dà sọ ohun tí wọ́n rò nípa àwọn alágbára ìlú tiwọn. Ibi tí a bá ń pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ààfin ọba ni wọ́n ti gbé e, ó sì di ohun ìran láàárín àwọn tí a kò fi í ránṣẹ́ sí.

Ẹ̀rí kan wà láti Jámánì tí àwọn tí ń fi ògiri ṣe ìdájọ́ ìlú kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ògiri tí wọ́n mọ la ìlú Berlin já ní 1961, tí ó sì ṣí ní 1989, ní ojú méjì. Ojú tí ó kọ sí ìwọ̀ oòrùn kún fún àwòrán àti ọ̀rọ̀ láti òkè dé ilẹ̀, kò sí àwọ̀ tí kò sí níbẹ̀. Ojú tí ó kọ sí ìlà oòrùn funfun nini, nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ lè yìnbọn pa ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ń fi ìmọ́tótó ògiri wọn ìlú ìbá ti yan apá ibi tí ènìyàn kò ti lè mí fín-ín.

Mo mọ̀ pé Kìrìsìtẹ́nì tòótọ́ kan lè dá mi lóhùn pé Ìwé Mímọ́ ta ko òwe àwọn baba wa nípa àlejò. Níbi àsè Belṣásárì ní Bábílónì, ọwọ́ kan yọ, ó kọ̀wé sí ara ògiri ààfin. Gbogbo ọlọ́gbọ́n ìlú wò ó, wọn kò lè kà á, àfi ìgbèkùn kan láti Júdà, Dáníẹ́lì. Àlejò ni ó ríran, onílé ni ó fọ́jú. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí sọ́tùn-ún, mo ti rò ó sósì, n kò sì rí i pé òwe náà parọ́. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni Dáníẹ́lì fi kà á, mo gbà; ṣùgbọ́n ẹni tí Ọlọ́run fi ẹ̀bùn náà fún kì í ṣe ẹni tí ń kọjá lọ. Ọ̀dọ́ ni nígbà tí wọ́n kó o dé ibẹ̀, ó kọ́ ìwé àti èdè àwọn ará Kálídéà, ó sìn ní ààfin títí ó fi dàgbà, ó sì mọ baba ọba náà ju bí ọba náà ti mọ̀ ọ́n lọ. Ohun kejì tilẹ̀ jọ mí lójú jù: kí ó tó ka lẹ́tà kan, ó ní kí ọba pa ẹ̀bùn rẹ̀ mọ́. Kò fẹ́ jèrè lára ohun tí ó fẹ́ kà. Mélòó nínú àwa arìnrìn-àjò ni ó lè sọ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí a bá ń ròyìn ìdọ̀tí ìlú òyìnbó, èrè ń bẹ níbẹ̀ fún wa, pé a rí ibi tí àwọn tí ń fojú kéré wa ti bàjẹ́ ju wa lọ. Nígbà tí òyìnbó bá sì ń ya fọ́tò ògiri alámọ̀ wa, òun náà ní èrè tirẹ̀.

Àwọn Dáníẹ́lì wa kò ṣàì sí. Ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí a ti ń ná iṣu àti ẹ̀lùbọ́ ní èdè Yorùbá, rògbòdìyàn dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, wọ́n sì fọ́ gíláàsì ilé ìtajà kan. Nígbà tí wọ́n fi pákó dí ojú rẹ̀, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìwé kéékèèké mọ́ pákó náà, wọ́n ń kọ ọ́ síbẹ̀ bí àwọn ti fẹ́ràn Peckham tó, títí ìwé náà fi bo pákó pátápátá. Àwọn aláṣẹ àdúgbò kò jẹ́ kí ó ṣègbé. Wọ́n fi í pamọ́, wọ́n sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ara ògiri ní gbàgede ibẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó sínú bọ́ọ̀sì kọjá ní ọ̀sẹ̀ náà lè pè é ní pàǹtírí. Ṣùgbọ́n ìyá kan tí ó ti tọ́ ọmọ níbẹ̀, tí ó ti sin òkú níbẹ̀, tí ó mọ ẹni tí ń ta ẹja àti ẹni tí ń gẹrun, yóò ka ìwé wọ̀nyẹn bí ẹni ń ka lẹ́tà láti ilé.

Ó wá ku ti ẹ̀ṣẹ̀. Opó kan tí ó fi owó àjọ kun ilé rẹ̀, tí ó jí ní òwúrọ̀ tí ó bá ìkọkúkọ lára rẹ̀, kò sí ọgbọ́n orí kan tí a lè fi tù ú nínú, kò sì yẹ kí a wá a. Ọwọ́ tí ó kọ̀wé ní Bábílónì kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ọba, nítorí Ẹni tí ó rán an ni ó ni ààfin àti ọba; kí ọmọ ènìyàn má ṣe fi ọwọ́ tirẹ̀ wé e. Ní tèmi, ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú kíkọ sára ògiri ni pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò lè dúró níwájú onílé. Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ó sọ nípa pósítà àwọn olóṣèlú wa? Nígbà ìdìbò gómìnà Èkìtì ní 2014, ní 2018 àti ní 2022, òru ni wọ́n ń rán àwọn ọmọkùnrin jáde tàwọn ti garawa ṣítáàṣì, wọ́n ń lẹ ojú ẹni tí ń wá ipò mọ́ ilé tálákà láìkanlẹ̀kùn, ti ẹgbẹ́ kan ń gun ti èkejì lórí, tí ó bá sì yá wọn a fi í sílẹ̀ kí òjò bá wọn ya á. Àwa tí a ń mi orí nítorí àwọn ọ̀dọ́ òkè òkun kò wí nǹkan kan. Kí ìdìbò mìíràn tó dé, mo bẹ àwọn ọba wa, àwọn pásítọ̀ wa àti àwọn lémọ́ọ̀mù wa ní ìwọ̀ oòrùn Èkìtì kí wọ́n pe àwọn tí ń du ipò náà jọ, kí wọ́n sọ fún wọn ní gbangba pé ọ̀sán ni kí wọ́n wá, kí wọ́n kan ilẹ̀kùn, kí wọ́n tọrọ àyè, kí wọ́n gbà bí onílé bá kọ̀, àti pé bí ìbò bá ti parí, kí àwọn ọmọ tí wọ́n rán padà wá ha á kúrò, kí wọ́n sì fi ọ̀dà tí wọ́n fi owó ara wọn rà tún ibẹ̀ kùn.