Nípa Kẹ̀kẹ́ Tí Ó Gbó

Nígbà tí ohun èlò ènìyàn bá gbó, tí ó sì ń ṣe ségesège, ó ha yẹ kí ó máa lò ó lọ bí, tàbí kí ó ra titun? Ọ̀pọ̀ ni yóò wí pé ọ̀rọ̀ àpò owó ni èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá rò ó jinlẹ̀, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìwà ni. Ẹ jẹ́ kí a fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni.

Ní ọdún 1885 ni J. K. Starley, ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí ti ẹ̀yìn. Ní 1888, J. B. Dunlop mú táyà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí jáde. Nígbà tí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ wa, ní Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀, ohun ọlá ni. Àwọn agbẹ́gilére wa ti ń gbẹ́ ẹlẹ́ṣin láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n Aréògún ará Òsì, tí ó kú ní 1954, gbẹ́ ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú sára ilẹ̀kùn. Lónìí alùpùpù ti gba ojú ọ̀nà. Síbẹ̀, láti 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, tí iye epo sì ti fò sókè, ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ fi ojú yẹpẹrẹ wò ó.

Ǹjẹ́, ohùn méjì ni ó ń bá ọlọ́kẹ̀ẹ́kẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀kan wí pé, “Ra titun, kí àwọn ènìyàn lè bọ̀wọ̀ fún ọ.” Ohùn yìí kò wo ọ̀nà tí a ó gbà, ojú ẹni tí ń wòran ni ó ń wò. Ohùn kejì wí pé, “Má ṣe kọ ọ̀rẹ́ àtijọ́ sílẹ̀.” Èyí dára jù ú lọ, àwọn baba wa sì tì í lẹ́yìn, nítorí wọ́n wí pé bí ọmọdé ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n òun náà lè tàn wá jẹ.

Plutarch ròyìn pé àwọn ará Áténì pa ọkọ̀ ojú omi Theseus mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí pákó kan bá jẹrà, wọn a fi titun dípò rẹ̀, títí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń jiyàn bí ọkọ̀ náà bá ṣì jẹ́ ọ̀kan náà. Bí mo bá ti pààrọ̀ táyà, gàárì àti ṣéènì kẹ̀kẹ́ mi, kí ni ọ̀rẹ́ àtijọ́ tí mo ń fẹ́ràn? Kò lè jẹ́ irin. Iṣẹ́ tí a ń fi í ṣe ni.

Ẹ wo kẹ̀kẹ́ mi nígbà náà. Gàárì rẹ̀ tẹ̀ sí apá kan. Bí mo bá ń gun òkè, ṣéènì rẹ̀ a yọ. Agogo rẹ̀ kì í dún dáadáa, bíréèkì rẹ̀ kì í sì í mú àfi bí a bá fà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ gbogbo rẹ̀ dájú, ìmọ̀ náà sì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kan bá wá yá a ní òru láti lọ pe nọ́ọ̀sì, ìmọ̀ mi kò lè bá a lọ. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni òun yóò ti kọ́ ọ. Nítorí náà ni mo ṣe pín àléébù náà sí ọ̀nà méjì. Ti gàárì, èmi nìkan ni ó ń ni lára. Mo lè fi sùúrù gbé e. Ti agogo àti bíréèkì, ti ọmọnìkejì mi ni, ti ọmọ tí ń sáré kọjá lójú títì. Èmi kò ní àṣẹ láti fi ara ẹlòmíràn ṣe sùúrù.

Ó kù kí a ṣírò. Rọ́bà bíréèkì àti agogo kò wọ́n. Ní ti ṣéènì, bí a ti ń lò ó ni ó ń gùn sí i, tí ó sì ń jẹ eyín irin tí ó kọ́. Bí a bá fi titun sórí eyín tí ó ti jẹ, yóò máa fò ni, gẹ́gẹ́ bí Olúwa wa ti kọ́ wa nípa ìrépé aṣọ titun lára ẹ̀wù ògbólógbòó. Méjèèjì ni a ó pààrọ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n bí irin tí ó gbé gbogbo kẹ̀kẹ́ ró bá sán, ìṣírò parí: kí a ra òmíràn, bí ó tilẹ̀ gba pé kí a tọ́jú owó fún oṣù púpọ̀. Ti èmi kò tí ì sán. Nítorí náà èmi yóò tún un ṣe pátápátá, èmi kì yóò sì ra titun lọ́dún yìí.

Ẹ̀yin olùkọ́ni, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, láti Òsì títí dé Ìlọ́fà, nígbà tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá dé bá yín, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bèèrè pé, “Ó ha ti gbó bí?” tàbí pé, “Kí ni àwọn ènìyàn yóò wí?” Ẹ bèèrè pé, “Ta ni àléébù rẹ̀ ń pa lára?” Bí ó bá jẹ́ ìwọ nìkan, máa lò ó pẹ̀lú ọpẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn, má ṣe pe àìbìkítà ní ìfẹ́ ohun àtijọ́.