Omi Kànga Bẹ́tílẹ́hẹ́mù

Ẹ̀kọ́ kíkà: 2 Samuẹli 23:13–17

Ọlọ́run tí ó mú wa la òkun kọjá kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ àjèjì pa wá run. Àmín.

Ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń gba plasma lára ènìyàn, tí wọ́n sì ń sanwó fún un, ni. A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń lọ síbẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ilé-ìwé wọ̀ lọ́rùn, bàbá tí wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kù, ìyá tí ó ń dá tọ́ ọmọ. Wọ́n á wọ aṣọ alápá gígùn wá sí ìsìn kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú abẹ́rẹ́. A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti dójú ti ẹnikẹ́ni. A kọ ọ́ nítorí pé ẹrù tí a gbé pamọ́, kò sí ẹni tí yóò báni sọ̀ ọ́, àti nítorí pé Ìwé Mímọ́ kò dákẹ́ lórí irú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn náà. Dáfídì wà nínú ihò Ádúlámù ní ìgbà ìkórè. Àwọn Fílístínì ti gba Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ìlú tí wọ́n gbé bí i, ọmọ ogun wọn sì dúró síbẹ̀. Dáfídì rántí omi kànga tí ó wà lẹ́bàá ibodè ilé rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ bí omi náà ṣe ń wu òun tó. Kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ó kàn sọ. Ṣùgbọ́n àwọn akọni mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gbọ́. Wọ́n la àárín ogun ọ̀tá kọjá, wọ́n fa omi náà, wọ́n sì gbé e wá. Nígbà tí Dáfídì rí ohun tí omi náà ná wọn, kò lè mu ún. Ó dà á sílẹ̀ níwájú Olúwa, nítorí pé lójú rẹ̀ kì í ṣe omi mọ́, ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n fi ẹ̀mí ara wọn wéwu ni.

Ẹ kíyè sí ohun méjì. Èkínní, Dáfídì kò mọ̀ pé ìmí tí òun mí lè rán ènìyàn lọ sójú ogun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí láàárín àwa àti ilé. Màmá kò ní kí a lọ ta nǹkan kan lára wa. Ohun tí wọ́n sọ lórí tẹlifóònù kò ju pé òrùlé ń jò, tàbí pé wọ́n lé àbúrò kúrò ní kíláàsì nítorí owó. Ọmọ tí ó gbọ́ ọ níhìn-ín ni ó dìde láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ó lọ na apá fún abẹ́rẹ́. Èkejì, àwọn akọni náà kò fi ibi tí wọ́n ti rí omi pamọ́. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ láìsọ̀rọ̀, Dáfídì ì bá mu ún bí omi lásán, ì bá sì tún ní kí wọ́n lọ bu òmíràn wá.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ìbéèrè tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ nìyí. Nílẹ̀ wa, bí a bá gbọ́ pé ènìyàn fi ẹ̀jẹ̀ wá owó, oògùn owó ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Àwọn mìíràn a rántí Júdásì àti ilẹ̀ amọ̀kòkò tí wọ́n fi owó rẹ̀ rà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni Júdásì gba owó lé lórí, ikú ni ó sì já sí. Ti ara ẹni ni èyí tí à ń sọ, ìyè ẹlòmíràn ni ó sì ń já sí. Láti inú plasma ni wọ́n ti ń ṣe oògùn fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dì bí wọ́n bá fara gbọgbẹ́, fún àwọn ọmọdé tí ara wọn kò lágbára láti bá àrùn jà, fún àwọn tí iná jó gan-an, àti abẹ́rẹ́ anti-D tí a ń fún aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Rh negative kí ìpalára má baà bá ọmọ tí yóò tún lóyún rẹ̀. Amẹ́ríkà nìkan ni ó ń pèsè nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta plasma tí gbogbo ayé fi ń ṣe oògùn wọ̀nyí.

Ẹ má sì gbàgbé pé ọwọ́ aláwọ̀ dúdú wà nínú iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà Charles Drew, tí wọ́n bí ní 1904, ni ó ṣe aṣáájú ètò tí wọ́n fi kó plasma ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1940 nígbà ogun. Síbẹ̀, títí di 1950 ni Red Cross ilẹ̀ yìí fi ń ya ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ti aláwọ̀ funfun. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nígbà náà ni wọ́n ń sanwó fún lónìí. Kò sí ìgbà kan tí kò níyì lójú Ẹni tí ó dá a.

Nítorí náà a kò ní pe ẹnikẹ́ni ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa ni pé ohun tí ó níye lórí ni, kò sì yẹ kí a fi ojú omi lásán wò ó. Ọ̀nà mẹ́ta ni a ó gbà gbé e yẹ̀ wò: ẹni tí ó ń fún ni, ẹni tí ó ń gbà, àti ìjọ.

Ní ti ẹni tí ó ń fún ni. Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kọ́ wa nínú 1 Kọrinti 6 pé tẹ́ḿpìlì Ẹ̀mí Mímọ́ ni ara wa. Àwa tí a jẹ́ nọ́ọ̀sì sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú tẹ́ḿpìlì yìí. Ẹ̀rọ á fa ẹ̀jẹ̀ láti apá, á yọ omi rẹ̀ sọ́tọ̀, omi kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tí a fi omi là, á sì dá apá pupa rẹ̀ padà sí ara. Bí ènìyàn ṣe tẹ̀wọ̀n tó ni wọ́n ń wò. Nínú ìlànà tí àjọ FDA gbé jáde ní 1992, ẹni tí kò bá tó 110 pọ́n-ùn kò gbọdọ̀ fún ni. Plasma tí wọ́n lè gbà sì jẹ́ mìlílítà 625, 750 tàbí 800. Ẹ wo ìgò wáìnì Ìdàpọ̀ Mímọ́ wa: 750 ni ìgò kan kún. Òfin ibí gbà kí ènìyàn lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú ọjọ́ 7, kí ọjọ́ kan ó kéré tán wà láàárín. Ní England, níbi tí wọn kì í ti í sanwó, ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fàyè gbà. Èyí túmọ̀ sí pé òfin ibí fàyè gba ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tí òfin gbà kò fi dandan jẹ́ ohun tí ara gbà.

Omi tí ó lọ máa ń padà láàárín ọjọ́ kan sí méjì bí a bá mu omi dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà tí ń bá àrùn jà kì í tètè padà, wọ́n sì lè lọ sílẹ̀ lára ẹni tí ó ń lọ lemọ́lemọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá máa lọ, ẹ jẹun kí ẹ tó lọ: ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja. Ẹ má jẹ oúnjẹ tí òróró pọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ẹ má ti ẹnu iṣẹ́ òru bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì wọn láìsùn. Bí ètè àti orí ìka bá ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí wọn, oògùn tí wọ́n fi ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ kí ó má dì ni ó ń bá kálísíọ́mù ara jà. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má tijú. Aboyún kò gbọdọ̀ lọ.

Ẹ má sì fi ibẹ̀ ṣe ilé dókítà. Lóòótọ́ wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtọ́jú yín ni wọ́n ń wá. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún aláìsàn lè ní kí ó dúró fún ìgbà kan nítorí ibà. Ṣùgbọ́n òfin kò fi dandan lé èyí fún ilé plasma. Pé wọ́n gbà yín kò fi hàn pé ara yín le.

Ẹ jẹ́ kí òtítọ́ wà lẹ́nu yín pẹ̀lú. Ẹ má purọ́ sórí ìwé ìbéèrè wọn, nítorí ara ẹlòmíràn ni oògùn náà ń lọ. Ẹ má lọ sí ilé méjì nínú ọ̀sẹ̀ kan náà. Ẹ má sì gbé owó ilé lé e. Owó tí wọ́n ń fún ẹni tuntun ní oṣù àkọ́kọ́ sábà máa ń pọ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ, ẹni tí ó bá fi ti oṣù àkọ́kọ́ ṣírò yóò rí i pé ìṣirò kò pé. Ilé-ẹjọ́ owó-orí ilẹ̀ yìí sì ti sọ láti 1980 pé owó tí ó wọlé fúnni ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ìlera loògùn ọrọ̀, àwọn àgbà wa kò sọ pé ọrọ̀ loògùn ìlera.

Ní ti ẹni tí ó ń gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fún ni, ẹ sọ fún wọn. Ọkọ, sọ fún aya rẹ. Aya, sọ fún ọkọ rẹ. Ẹ sọ fún wọn nílé pẹ̀lú, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Màmá, èyí ni agbára mi ká lóṣù yìí, ibi tí mo sì ti rí i nìyí.” Ẹnì kan lè bi wá pé, ṣé kí màmá dá owó náà padà ni, bí Dáfídì ṣe da omi sílẹ̀? Rárá o. Òrùlé tí ó ń jò kò ní tìtorí ìwàásù dá jíjò dúró. Dáfídì ò fi omi náà ṣòfò, iyì rẹ̀ ni ó mọ̀ tí ó fi gbé e fún Olúwa. Ìyá tí ó mọ ibi tí owó ti wá yóò fi kan òrùlé, kò ní fi ra aṣọ ẹbí. Yóò tún sọ fún àwọn tí wọ́n ń rò pé orí igi ni a ti ń ká dọ́là. Bí wọ́n bá sunkún, ẹ jẹ́ kí wọ́n sunkún. Ọmọ wọn ni yín, ẹ̀tọ́ wọn ni láti mọ̀. Bí àwọn kan bá sì gbọ́ tí wọ́n ń béèrè síi, ẹ kọ̀ fún wọn láìbẹ̀rù.

Ní ti ìjọ. Ẹ̀yin àgbà ìjọ àti ẹgbẹ́ gbogbo, ọ̀rọ̀ kàn wá. Àwa náà máa ń mí kanlẹ̀. À ń kéde ìkórè, à ń pín ìwé ìdáwó, à ń yan aṣọ àjọ̀dún ẹgbẹ́, a ò sì rán ẹnikẹ́ni lọ sí ilé plasma. Ṣùgbọ́n arákùnrin tí kò fẹ́ kí a ka orúkọ àwọn ẹlòmíràn kí a fo tirẹ̀ lè dìde kí ó lọ. Ọlọ́run tí ó ni wúrà àti fàdákà kò fẹ́ irú omi bẹ́ẹ̀ lórí pẹpẹ rẹ̀. A bẹ̀bẹ̀ pé kí ìdáwó máa wà nínú àpò ìwé tí a dì, láìka iye jáde lójú ìjọ. Kí ẹgbẹ́ tí ó bá ń yan aṣọ sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí kò rà á kò jẹ gbèsè. Kí àpò ìrànlọ́wọ́ má jẹ́ ti òkú àti ìkómọ nìkan, kí ó wà fún owó ilé oṣù kan pẹ̀lú. Ẹni tí ó mọ ibi tí iṣẹ́ wà, kí ó má fi pamọ́ sínú àpò. Gálátíà 6 ní kí a máa bá ara wa ru ẹrù. A kò lè ru èyí tí a kò mọ̀. Àwa nọ́ọ̀sì ìjọ wà nílẹ̀ lẹ́yìn ìsìn: ẹni tí ó bá ń lọ, tí ara rẹ̀ kò sì lélẹ̀, kí ó wá bá wa. A kò ní bi í léèrè ju bó ti yẹ lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ní dé etí ẹlòmíràn.

Ní ìparí, ẹ̀yin ará, 1 Peteru 1 rán wa létí pé kì í ṣe fàdákà tàbí wúrà ni a fi rà wá padà, ẹ̀jẹ̀ Kristi ni. Ẹni náà kò gba owó lọ́wọ́ wa, kò sì fi ohun tí ó ná an pamọ́: gbangba ni ó gbé kú. Nígbàkígbà tí a bá kúnlẹ̀ láti gba ife Ìdàpọ̀ Mímọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí pé kò sí ẹnikẹ́ni tí ó yẹ kí ó mu ohun iyebíye láìmọ̀. Ẹni tí ó ti kọ́ ìyẹn níbi pẹpẹ yóò mọ bí a ti ń gba ọ̀rọ̀ arákùnrin rẹ̀ tí ó na apá fún abẹ́rẹ́ nítorí ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Baba Olódùmarè, Ìwọ tí o mọ iye ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára wa, bojú wo àwọn ọmọ rẹ tí wọ́n ń jìjàdù fún oúnjẹ òòjọ́ nílẹ̀ yìí. Ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ tí kò ní mu wọ́n lẹ́jẹ̀. Fún àwọn tí ń béèrè ní etí tí ó ń gbọ́, fún àwọn tí ń fi pamọ́ ní ìgboyà láti sọ, kí o sì fún ìjọ rẹ ní ọwọ́ tí ó ṣí sílẹ̀. Nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.