Ta Ló Ni Adùn Búkà Etí Ọ̀sà?

Ẹ jẹ́ ká gbà pé búkà kan wà létí ọ̀sà. Ìyá tó dá a sílẹ̀ ti dàgbà, iná dídá ti sú u, ó sì ta ilé, àga, ìkòkò àti orúkọ fún ẹlòmíràn. Pátákó ẹnu ọ̀nà ò yí padà. Oníbàárà tó ti ń jẹun níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wọlé, ó ní kí wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ wá, ó tọ́ ọ wò, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti yàtọ̀. Oúnjẹ kún àwo, owó tí wọ́n kọ sára ògiri ló san, kò sì sẹ́ni tó fẹnu purọ́ fún un. Ṣé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, àbí wọn ò rẹ́ ẹ jẹ?

Ní Ogun Waterside, ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo tó kan òkun ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́jẹun lásán. Ìlú Ìwópin níbẹ̀ wà létí ọ̀sà Lẹ́kkí, omi tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 247 níbùú lóòró. Odò Ọ̀ṣun àti odò Ọní wà lára àwọn tó ń ṣàn sínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi ibẹ̀ ò fi níyọ̀ bíi ti òkun. Ẹni tó bá ti Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè sọ̀kalẹ̀ lọ jẹun létí irú omi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń wá: epìyà, àrọ̀ tàbí ọ̀bọ̀kún tí wọ́n pa láàárọ̀, àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n sè.

Ìkọ́kọrẹ́ ò gba ìkánjú. Wọ́n á rin ewùrà, wọ́n á fiyọ̀ sí i, wọ́n á pò ó. Wọ́n á gbé ọbẹ̀ ata kaná pẹ̀lú epo pupa, edé àti ẹja gbígbẹ. Bó bá ti ń hó, wọ́n á máa fi ọwọ́ bu ewùrà náà sínú rẹ̀ ní ìṣù ìṣù, wọ́n á dé e, wọn ò sì ní fọwọ́ kàn án títí tí yóò fi jinná. Ẹni tó bá tètè rò ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹni tó sì fi ẹja yìnyín rọ́pò ẹja ọ̀sà, tó fi mágì rọ́pò edé, oúnjẹ mìíràn ló gbé kalẹ̀.

Olówó tuntun ní àwíjàre, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Owó ara rẹ̀ ló fi ra búkà. Kò búra fún ẹnikẹ́ni pé bí ìyá ti ń sè ni òun náà á máa sè. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ ti gbówó lé gbogbo ohun tó ń wọ inú ìkòkò. Yóò tún sọ pé oníbàárà fúnra rẹ̀ ti ń dàgbà, pé bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ ni agbára ìtọ́wò ahọ́n ń dín kù. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ìbéèrè yìí ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Plutarch ará Gíríìsì kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1900 sẹ́yìn pé àwọn ará Áténì tọ́jú ọkọ̀ ojú omi akọni wọn, Theseus. Bí pákó kan bá ti jẹrà, wọ́n á fi tuntun rọ́pò rẹ̀, àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí sì ń jiyàn: ọkọ̀ Theseus náà ni, àbí òmíràn ni? Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa náà ṣe pààrọ̀ ìkòkò, tó tún òrùlé kàn, tó gba ọmọ ọ̀dọ̀ tuntun, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé búkà ti kú. Kí ló wá kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ tó tà á?

Ilé òrìṣà Ise ní Japan fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn. Lẹ́ẹ̀kan ní ogún ọdún ni wọ́n máa ń kọ́ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà nílẹ̀, tí wọ́n á sì tú ti tẹ́lẹ̀. 2013 ni wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn. Igi tuntun ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó pè é ní ilé mìíràn, torí pé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àgbà ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ti ń gé e àti bí wọ́n ti ń tò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń jogún. Ibi tí ẹni tó ra búkà ti sábà máa ń ṣì í ṣe nìyí: ó ra ìkòkò, ó dá àwọn tó ń dáná dúró nítorí owó oṣù, ó sì rò pé ìkòkò ló ń sebẹ̀.

Orúkọ ńkọ́? Yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè bẹ̀rẹ̀ ní 1982 gẹ́gẹ́ bí Ogun State University. Ní 2001, wọ́n fi orúkọ Olóyè Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ, gómìnà tó dá a sílẹ̀, pè é. Ẹni tó ti gbàwé ẹ̀rí níbẹ̀ ṣáájú ọdún náà ò padà lọ ṣe ìdánwò. Ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn, búkà kan wà tí wọ́n ń pè ní Àmàlà Skye nítorí báńkì Skye tó wà nítòsí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Skye, Polaris sì rọ́pò rẹ̀. Báńkì lọ, àwọn tó ń jẹ àmàlà ò dẹ́kun pípe Skye. Orúkọ lè yí padà kí nǹkan má yí. Olórúkọ lè kú kí orúkọ wà. Ti búkà etí ọ̀sà ló wá burú: orúkọ wà digbí, ohun tó sọ ọ́ di orúkọ ti lọ.

Ifá mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1975, nípa Ìwà tó jẹ́ aya Ọ̀rúnmìlà. Ọ̀rúnmìlà ò fara da àléébù aya rẹ̀, Ìwà sì kúrò nílé. Ilé ò wó, Ọ̀rúnmìlà ò yí orúkọ padà, ọgbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀ iyì rẹ̀ lọ láàárín ará àdúgbò, kò sì rí ìsinmi títí tó fi jáde lọ wá Ìwà kiri. Ìtàn yìí wọ ibi ìdáná ju bí a ti rò lọ: bí ìwà bá ti kúrò níbẹ̀, ilé àti orúkọ nìkan ò lè dá iyì dúró.

Àwọn adájọ́ náà ti débẹ̀. Ní 1901, nínú ẹjọ́ kan tó dé Ilé Aṣòfin Àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, Lord Macnaghten ṣàlàyé pé iyì òwò ni agbára tó ń fa oníbàárà wọlé, ó sì jẹ́ ohun tí èèyàn lè tà. Ẹni tó ra búkà san owó orí agbára yẹn. Ta ló wá dá a? Ìyá tó ń sè é ni, òun àti àwọn tó ń padà wá lọ́jọ́ gbogbo. Bí olówó bá ra ìgbẹ́kẹ̀lé wọn, ó ti ra gbèsè tó wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú.

Hádíìsì kan tó wà nínú ìwé Imám Muslim ló tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ jù. Ànábì Muhammad kọjá níwájú ẹni tó ń ta ọkà, ó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ó sì bá ibi tó tutù. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì béèrè ìdí tí kò fi kó èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn lè rí i. Kò bá a wí nítorí òjò. Ìbòmọ́lẹ̀ ló bá a wí lé lórí. Ọ̀wọ́n ẹja àti ọ̀wọ́n epo ni òjò tó pa olówó búkà. Kò lẹ́bi òjò. Àmọ́ nígbà tó fi orúkọ ìyá bo ẹja yìnyín mọ́lẹ̀, ó ti rẹ́ oníbàárà jẹ, bí kò tiẹ̀ la ẹnu sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin tó ń ra búkà létí omi, ẹ kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń rin ewùrà níbẹ̀, kí ẹ bá wọn ṣàdéhùn owó oṣù, kí ẹ tó ronú kan ọ̀dà ògiri. Ẹ bẹ ìyá kó dúró tì yín fún oṣù díẹ̀. Bí apá yín ò bá ká a, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kí ẹ kọ tiyín. Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ má kàn dìde lọ láìsọ̀rọ̀: ẹ pe olówó sí kọ̀rọ̀, kí ẹ sọ fún un ohun tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀ àti ohun tí ẹ bá nínú àwo lónìí.