Ìfọ̀kànbalẹ̀ Yàtọ̀ sí Àìbìkítà

 

Ọmọkùnrin kan ní ilé-kéwú wa wá bá mi lẹ́yìn ìrun Àsárì. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kì í sì í rí oorun sùn mọ́. Ó ní orin rọ́ọ̀kì kan ló ń tu òun nínú: “Take It Easy”, tí ẹgbẹ́ olórin Eagles ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1972. Ó ní, “Ààfáà, orin yìí ní ká fara balẹ̀, ká má jẹ́ kí ìrònú da orí wa rú. Ṣé kì í ṣe ìgbáralé Ọlọ́hun náà nìyẹn?”

N kò bá a wí, nítorí òótọ́ wà nínú orin náà. Ìrònú kì í san gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọkùnrin inú orin ọ̀hún. Ojú ọ̀nà ló wà, ọ̀rọ̀ obìnrin méje ń jà á lọ́kàn, kò sì sọ bí yóò ṣe yanjú ti ẹyọ kan nínú wọn. Ẹrù wà nílẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn tó ṣe orin náà ńkọ́? Jackson Browne ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò rí i parí. Glenn Frey ló bá a parí rẹ̀. Ẹgbẹ́ Eagles tún rìnrìn àjò dé London kí wọ́n tó gbà á sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé àwọn tó ní ká fara balẹ̀ kò fọwọ́ lẹ́rán!

Ọkùnrin kan bi Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bóyá kí òun so ràkúnmí òun ni, tàbí kí òun fi í sílẹ̀ láìso, kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun. Ànábì ní kí ó so ó, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun. Ó tún fi ẹyẹ ṣe àpẹẹrẹ fún wa: pẹ̀lú ebi ló ń jáde láàárọ̀, yóò sì yó kí ó tó wọlé nírọ̀lẹ́. Ẹyẹ kì í ṣe àníyàn, ṣùgbọ́n kì í jókòó sínú ìtẹ́.

Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Aláìbìkítà sọ ẹrù sílẹ̀, ó ní kò kan òun. Ẹni tó gbára lé Ọlọ́hun gbé ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká, ó sì fi ìyókù lé Ẹlẹ́dàá lọ́wọ́. Ọkàn àwọn méjèèjì lè balẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí kálukú ti ṣe kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

Mo sọ fún ọmọ náà pé, “Má wulẹ̀ sọ fún ìyá rẹ pé kí wọ́n má ronú mọ́. Bá wọn gbé nínú ẹrù náà. Tí o bá ti ṣe èyí tó o lè ṣe, tó o kírun, tó o sì ṣe àdúà, lọ sùn.” Kò fèsì. Ní ọjọ́ kejì, òun ló ru igbá ìyá rẹ̀ dé ọjà.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìfọ̀kànbalẹ̀ tó ní iṣẹ́ nínú. Àmín.